Bí Jẹ́nijókòó Ṣe Dé Ẹ̀yìnkùlé Mi

Ẹ̀yin tí ẹ gba ẹ̀yìnkùlé mi wọlé, ẹ kú ewu ẹ̀gún. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́ ahọ́n. Ẹ ní, ṣé Ọdẹ́yínká náà rèé, ọdẹ tí ó pa ẹfọ̀n ní Òkè Arò, ọdẹ tí ẹkùn gbọ́ ikọ́ rẹ̀ tí ó yà fún un lọ́nà, òun ni ó wá jẹ́ kí igbó hù dé ojú fèrèsé? Ẹ ní ó dà bí ẹni pé ọ̀lẹ ti ń bá mi ṣeré. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí ẹ tó dá tèmi. Ẹ fún ara yín láàyè, kí ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rí ibi wọlé sí. Ẹ má ṣe lé alángbá tí ó wà lórí ẹní yẹn. Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. N ó sọ bí ìtàkùn tí ó wà lẹ́yìn yẹn ṣe dé ilé mi, àti ìdí tí ìbọn kò fi gbọdọ̀ dún níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wá gbọ́ iye ẹran tí mo pa, ó ṣìnà wá o, nítorí ní ìrìn àjò tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò pa nǹkan kan.

Kí ẹ tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó, ẹ ní láti mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Èmi kì í jókòó. Ìyá mi sọ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ ta ẹní. Orí ìdúró ni mo ti ń jẹun. Bí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi bá gun orí igi dúró de ẹran, èmi a máa rìn yí ìdí igi náà ká títí wọn yóò fi bẹ̀ mí pé kí n máa lọ sílé. Ẹran tí ó bá ń sáré ni mo mọ̀ ọ́n pa. Nígbà tí mo fẹ́ Àwẹ̀ró ìyàwó mi, ẹ̀rín ni ó fi ń rín mi. Ó ní ọkọ ni òun fẹ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀, tí èkejì náà tún bàjẹ́, ẹ̀rín náà tán. Ó di pé bí mo bá ń rìn síwá rìn sẹ́yìn nínú yàrá, a wò mí, a ní, "Olówó orí mi, ẹ rọra. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ẹsẹ̀ yín ni ó ń lé wọn lọ." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ìwo tí ẹfọ̀n fi gún mi nítan lọ, nítorí pé èmi náà ti ń rò ó.

Nígbà tí ó tún lóyún, mo ké sí Ìyá Adéọtí. Ẹlẹ́wé ọmọ ni. Òun ni ó ń ta ewé àti egbò fún àwọn aláboyún àdúgbò wa, òun náà ni ó sì ń gbẹ̀bí wọn. Ó fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn Àwẹ̀ró, ó mi orí.

"Oyún yìí kò tíì jókòó," ó wí. "Jẹ́nijókòó ni yóò bá wa bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ bù ú fún un kí ó mu ún, ìyá."

"Kí n bù ú níbo? Gbígbẹ ni ó wà nínú igbá mi. Tútù ni èyí ń fẹ́, láti ara ìtàkùn tí ó ṣì ń mí, kí a máa já a díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Gbogbo èyí tí ó wà nítòsí ni ẹ ti fi iná sun, ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin àgbẹ̀. Igbó Àìsimi ni èyí tí ó kù wà. Lọ wú u tegbòtegbò, kí o wá gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ. Bí ó bá mú, ọmọ rẹ yóò mú."

"Báwo ni n ó ṣe dá a mọ̀?"

"Ìtàkùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ewé rẹ̀ rí roboto bí etí ọmọdé. Bí o bá dé ibẹ̀, ṣọ́ ẹnu rẹ, nítorí ó ń gbọ́ràn."

N kò ní fi bí mo ṣe di ẹrù da yín láàmú. Igbó Àìsimi ni kí ẹ gbọ́. Kò sí ohun tí ó ń sinmi níbẹ̀. Ìrókò yóò fa gbòǹgbò kan yọ, yóò gbé e síwájú, yóò tún fa èkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ. Àpáta ń yí gbirigbiri láìsí ẹni tí ó tì í. Odò á ṣàn lọ, á tún ṣàn bọ̀, bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé. Ẹyẹ kì í bà. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń yé ẹyin sí, ọmọ a sì ti hu ìyẹ́ kí ẹyin tó balẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní ìlú tèmi nìyí, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní sọ fún mi pé kí n rọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rẹ̀ mí, tí mo dúró kí n mí, ilẹ̀ gún mi ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní, "Lọ." Mo gbé ẹsẹ̀ náà, ó gún èkejì. Ó wá yé mi pé ẹni tí ó ń rìn nítorí pé ó wù ú yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń rìn nítorí pé kò lè dúró.

Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Arìnmásimi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ọ̀pẹ lọ, orí rẹ̀ kò ju àgbọn kan lọ, ẹ̀wù ọdẹ tí ó ti gbó ni ó wọ̀, ìbọn èjìká rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ojú kan náà ni ó ń yí ká; ó ti fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ di kòtò roboto.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá," ni mo wí.

"Ìwọ náà kú ìrìn, ọmọ ọdẹ. Máa bá mi lọ bí o ti ń sọ̀rọ̀, n kò lè dúró. Kí ni o wá wá?"

"Jẹ́nijókòó."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn. "Òun ni èmi náà wá wá. Ìyàwó mi wà nílé, ó ń retí mi. Àbí kò retí mi mọ́, n kò mọ̀. Ó dára, já àlọ́ yìí fún mi: kí ni ó ń rìn ká ayé tí kò mọ ẹnì kan, kí ni ó jókòó sójú kan tí gbogbo ayé jẹ́ ojúlùmọ̀ rẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ni ó ń rìn, ojú ni ó jókòó."

"Bí mo ṣe dáhùn nìyẹn," ó wí. "Wá wo bí mo ṣe rí."

 Mo wo ẹsẹ̀ mi, ó dà bí ẹni pé ó ti fi díẹ̀ gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí mo ti ń rìn. Mo rántí pé nínú gbogbo ẹran tí mo ti tọpa rí, ìdí igi eléso ni mo ti ń bá èyí tí ó pọ̀ jù lọ. Èmi yóò sáré títí èémí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, igi ọ̀ún kò ní kúrò lójú kan, gbogbo wọn yóò sì ti wá kí i.

"Ọdẹ ni ó ń rìn," ni mo wí. "Igi ni ó jókòó."

Arìnmásimi kọsẹ̀. "Máa lọ," ó wí. "Ibi tí o kò bá ti gbọ́ ariwo mọ́ ni ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i, kò sí ibòmíràn tí o lè gbà padà bí kò ṣe ọ̀dọ̀ mi."

Mo rìn títí etí mi fi dákẹ́. Ilẹ̀ kan wà láàrin igbó náà tí kò mì. Obìnrin arúgbó kan jókòó níbẹ̀ lórí igi wíwó. Koríko ni ó hù lórí rẹ̀ dípò irun, ẹ̀gà sì ń já a kọ́ ilé. Ìgbín ń gun èjìká rẹ̀. Oyin ń wọlé, wọ́n ń jáde ní ihò etí rẹ̀. Láàrin ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìtàkùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yọ, ó gun ara rẹ̀ lọ sókè, àwọn ewé roboto rẹ̀ sì kọjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni ẹnu ti kó bá mi. Gbogbo ohun tí mo bá pàdé ní igbó yẹn ni ó ń rìn, kíkí kan náà ni mo ti ń kí bọ̀, ni mo bá dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìrìn, ìyá."

"Ta ni ó ń rìn?" ó bi mí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a ní kíkí fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, a ní fún ẹni tí ó ń dirun, a ní fún ẹni tí òjò pa. Ẹni tí a bá kí ní kíkí ẹlòmíràn, a ti sọ fún un pé a kò rí i. Ilẹ̀ tí kò mì tẹ́lẹ̀ la ẹnu, ó gbé mi mì dé ìbàdí, mo sì ń wọlẹ̀ sí i. Gbogbo ewé náà ti ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, ẹnu ni ó sáré jù mí lọ. Ẹ kú ìjókòó."

"O ṣeun. Ṣé o fẹ́ jókòó?"

"Ewé ni mo fẹ́."

"N kò bi ọ́ léèrè ewé."

Ilẹ̀ ti dé àyà mi. "Mo fẹ́ jókòó," ni mo wí, irọ́ gbuu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbà á, ó pọ̀ mí jáde, mo sì jókòó síwájú rẹ̀.

Mo ti bá erin ṣeré sápamọ́, mo ti fi ọwọ́ lásán yọ ẹran lẹ́nu ọ̀nì, ṣùgbọ́n n kò rí ìjà tí ó tó ìjókòó yẹn. Ìjàlọ gba orí ẹsẹ̀ mi kọjá, ti àwọn ti ọmọ wọn. Paramọ́lẹ̀ wọ́ gba itan mi, ó sinmi díẹ̀, ó tún ń lọ. Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Èmi kò tilẹ̀ pa á, mo ń wò ó ni. Ẹtu kan jáde láti inú ìgbẹ́, ó sanra, ara rẹ̀ ń dán, ó wá gbóòórùn ẹnu ìbọn mi. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ìyá náà tó sọ̀rọ̀.

"Kí ni ó wà níwájú rẹ yẹn?"

"Ẹran ni, ìyá."

"Ẹran. Ṣé ó ti wà nínú ìkòkò ni?"

"Rárá, ó wà láàyè."

"Ta ni ó wá sọ ọ́ di ẹran?"

 Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń pe èyí tí ó ń sáré nínú igbó àti èyí tí ó wà nínú ọbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi wá léèrè rí.

"Kí ni kí n máa pè é?" ni mo bi í.

"Ní ìdí ìtàkùn yìí, àlejò ni. Òdòdó rẹ̀, kòkòrò ni ó ń bá a sọ ọ́ di èso. Èso rẹ̀, ẹyẹ ni ó ń bá a gbé e rìn. Ilẹ̀ rẹ̀, ekòló ni ó ń bá a tú u. Àwọn ni ó ń jẹ́ kí ó jókòó, kí òun náà tó lè mú ẹlòmíràn jókòó. Ta ni ó ń ṣàìsàn nílé rẹ?"

"Ìyàwó mi ni. Oyún méjì ti bọ́ lára rẹ̀. Bí èyí náà bá bọ́, n kò mọ ohun tí yóò kù lára òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ìyá." N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, mo sì dúpẹ́ pé kò sí ọdẹ kankan nítòsí tí ó gbọ́ ọ.

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. "Wú u. Ohun tí n ó gbà lọ́wọ́ rẹ nìyí: ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sí ìdí rẹ̀ ní ilé rẹ, àlejò rẹ ni. O kò gbọdọ̀ mú un dìde, o kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn mú un dìde. Ọjọ́ tí o bá mú un dìde, ohun tí ó jókòó nínú ilé yóò dìde pẹ̀lú rẹ̀."

Mo ní mo gbà. Ta ni kò ní gbà? Mo fi erùpẹ̀ tútù bo gbòǹgbò náà, mo kó o sínú àpò, mo sì gba ọ̀nà tí mo gbà wá.

Arìnmásimi ti ń dúró dè mí. Kí n sọ pé ó ti ń rìn dè mí. Bí ó ti gbóòórùn erùpẹ̀ náà ni ó ti gbá tẹ̀lé mi. "Gbé e fún mi, kí n jókòó," ni ó ń wí, ó ń sunkún bí ó ti ń sáré. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kan ju ogún tèmi lọ. Mo yà sọ́tùn-ún, ó ti wà níbẹ̀. Mo gba abẹ́ itan rẹ̀ kọjá, ó yí padà, ó fi ìka méjì gbá okùn àpò mú, ó ń gbé èmi àti àpò lọ sókè. Orí ni ó yọ mí. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa ni, mo sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó."

Ẹni tí a bá kí gbọ́dọ̀ dáhùn. Ó fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó wo ìdí ara rẹ̀ bóyá ó ti jókòó tí òun kò mọ̀. Ó ká orúnkún díẹ̀ láti fi gbìyànjú, ẹsẹ̀ gígùn náà lọ́ mọ́ra wọn, ìka rẹ̀ sì tú. Mo balẹ̀ sórí èjìká, mo sá. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi tí ó ń wí pé, "O ṣeun, ọmọ mi, o ṣeun," léraléra. Àánú rẹ̀ ṣe mí títí di òní, ṣùgbọ́n n kò dúró.

Mo délé, mo gbìn ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé tí a bí mi sí, àgbàlá kò gbọdọ̀ ní koríko. Ìmọ́tótó borí àrùn. Mo fa gbogbo ewéko tu ní ìdí rẹ̀, mo sun ewé gbígbẹ, mo fi ẹ̀gún sé e mọ́ adìẹ, àràárọ̀ ni mo sì ń fi ọwọ̀ gbá ibẹ̀ títí ilẹ̀ pupa fi ń dán. Àwọn ará àdúgbò yìn mí. Ìtàkùn náà pọ́n lójú, ó tẹrí, ewé rẹ̀ ń ká. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Àwẹ̀ró pè mí láti inú yàrá pé ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ohùn rẹ̀ tutù. Mo mọ̀ pé ó ti ń múra láti sọ ìrètí nù.

Ìyá Adéọtí dé, ó tọ́jú rẹ̀ díẹ̀, ó wá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ta ni ó fá orí ilẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, ìyá. Mo ń tọ́jú rẹ̀ ni."

"O tọ́jú rẹ̀ bí ojú oórì. Ta ni kí ó máa bá sọ̀rọ̀ níbí? Àti èyí tí o fi ẹ̀gún sé, ta ni ó ní kí o lé?"

 Mo ti lé wọn kí wọ́n tó dé. Lójú ẹsẹ̀ ni mo tú ọgbà ẹ̀gún náà ká. Mo wọ́ igi jíjẹrà wá, mo kó ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, mo bu omi sínú àwo fífẹ̀, mo sì gbé ọwọ̀ fún aládùúgbò. Koríko hù. Ekòló dé, ìgbín tẹ̀lé e, oyin àti labalábá dé, ẹ̀gà ń jà lórí igi ìbẹ́pẹ. Okété gbẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì jẹ iṣu wa bí ẹni pé òun ni ó gbìn ín. Ewé náà là. Ìyá Adéọtí ń já a, Àwẹ̀ró ń mu ún, ẹ̀jẹ̀ náà dá. Inú mi dùn, ara sì ń ta mí. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Èmi tí mo ti jìyà lẹ́yìn wọn láti kékeré, wọ́n wá ń kọjá níwájú mi báyìí, wọ́n ń sanra, ẹ̀fọ́ lásán sì ni mo fi ń jẹ ọkà. Ìtìjú náà kò kéré. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Bàbá Okété.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ dé. Ọ̀sán gangan ni. Ọmọ náà kò tètè wá; mo ń gbọ́ ìrora Àwẹ̀ró láti ìta, mo sì ń rìn yí ilé ká. Ọdẹ́kúnlé, ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ni ó wá bá mi dúró. Bí a ti yí igun ilé, a rí i: ẹtu kan dùbúlẹ̀ sí ìdí jẹ́nijókòó, ó káwọ́ kásẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ọdẹ́kúnlé ti gbé ìbọn léjìká, ó dojú rẹ̀ kọ ọ́.

"Má ṣe é," ni mo wí.

"Ẹran ìkómọ ni Ọlọ́run gbé wá yìí. Kúrò lọ́nà."

Mo rò pé kí n fà á lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìbọn lè dún. Mo rò pé kí n kígbe, ṣùgbọ́n igbe yóò mú àlejò náà dìde. N kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Mo rìn jẹ́jẹ́, mo bọ́ sí àárín ẹnu ìbọn àti ẹtu náà, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọdẹ́yínká, dìde. Ẹran ni."

"Kì í ṣe ẹran. Àlejò ni."

"Àlejò ta ni?"

"Àlejò Àwẹ̀ró."

Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Nínú ilé, ìyàwó mi kígbe, igbe tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, gbogbo ara mi sì fẹ́ sáré wọlé.  Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mọ́lẹ̀. Èémí ẹtu náà ń kàn mí lẹ́yìn ọrùn. Bí mo bá mira, á dìde. Àwẹ̀ró tún kígbe, ó pe orúkọ mi, omi ń bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún. Ọdẹ́kúnlé rí omi ojú náà. Ó gbé ẹnu ìbọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yí i dojú kọ ilẹ̀.

Ilé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ké.

Ìyá Adéọtí yọjú ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Ọdẹ́yínká, ìyá ọmọ ń kí ọ. Àlàáfíà ni wọ́n wà. Wá wo ọmọ rẹ."

Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Wọ́n ti kú tipiri lábẹ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo sọ fún un pé n kò lè dìde. Ó wo èmi, ó wo ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn mi, ó sì padà wọlé. Nígbà tí ó tún jáde, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ láàrin koríko, ó gbé ìdì aṣọ funfun kan lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ni. Ó gbé e lé mi nítan, n kò sì lọ ibì kankan.